Fèrè Ìdìde

Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ ọ́ ní Ìyá Rẹfirí. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn àgbà tó yẹ kó bá àwọn ọmọ náà wí gan-an ti ń fi í pè é, òun náà sì ti ń dáhùn. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Obìnrin tó so fèrè mọ́rùn láàárọ̀, tí kò tú u lọ́sàn-án, tó ń já jáde sójú títì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu àti òwú léjìká, tó ń fọn ọ́n píì-píì láàárín ọkọ̀, ẹ ní kí wọ́n máa pè é ní kí ni?

Aránṣọ ni. Aṣọ ilé ìwé ló ń rán láti ìgbà ọmọge: kọ́là, àpò àyà, bọ́tìnnì, kọ́là, àpò àyà, bọ́tìnnì, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ń lọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìránṣọ yóò fẹ́ bi í léèrè ìdí tó fi kẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, tó wá dojú maṣíìnì kọ ilẹ̀kùn, nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ilẹ̀kùn ló ń ṣọ́. Ọkọ rẹ̀ ló ń ṣọ́. Ọwọ́ ń rán kọ́là, ojú ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹ̀dá tó lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kó má rẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí a má bàa máa fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ó ti rẹ obìnrin yìí kí ìtàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ dénú egungun.

Ilé búrẹ́dì ni ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ dàgbà. Bàbá Oníbúrẹ́dì ni wọ́n ń pè é, ó po ìyẹ̀fun títí apá rẹ̀ méjèèjì fi le bí òpó. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìrántí rẹ̀ náà bá a fẹ̀yìn tì. Ó kọ́kọ́ ń gbàgbé ibi tó fi fìlà sí. Lẹ́yìn náà, ó gbàgbé ọ̀nà ilé búrẹ́dì. Nígbà tó yá, ó gbàgbé ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ó wá kan ìyàwó. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló jí, tó wo ìyàwó rẹ̀ lójú, tó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, mà." Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, "ìwọ" ló ń pè é. Kò pè é ní "ẹ̀yin" rí, àfi bí wọ́n bá ń jà. Obìnrin náà kọ́kọ́ rò pé yẹ̀yẹ́ ni, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó lọ sunkún sórí ìkòkò.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí bàbá náà kò gbàgbé. Ẹ fọn fèrè ní ìró gígùn kan níbikíbi tí etí rẹ̀ bá ti lè gbọ́, yóò jókòó síbi tó bá wà. Kì í wo ilẹ̀. Bó jẹ́ inú yàrá ni, bó jẹ́ inú ẹrẹ̀ ni, bó jẹ́ àárín títì ni, yóò rọra jókòó, yóò ti ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, yóò sì dẹ gbogbo ara sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbé e nílẹ̀, kó lọ jẹun yó ná. Ó ń wúwo bí àpò ìyẹ̀fun tí òjò pa. Oríta kan sì wà nítòsí ilé wọn tí ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ níbẹ̀ kì í jẹ́ kí fèrè kúrò lẹ́nu. Ṣé ẹ ti rí ohun tójú obìnrin yìí ń rí?

Bàbá Jẹ́jẹ́ ló kọ́ ọ ní ìjókòó yẹn, ẹni tó gba òmìnira ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn àjèjì láì ju òkò kan. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í dé ẹ̀yìn kíláàsì, ìdí nìyẹn tó fi ra fèrè. Ohun tó ń wí kò pọ̀: ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí àwọn àjèjì bá ṣòfin burúkú, ẹ má bú wọn, ẹ má bá wọn jà, ẹ lọ jókòó sójú títì kí ọkọ̀ wọn má lè kọjá. Bí wọ́n bá nà yín, ẹ má nà wọ́n padà. Ó mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀dá kì í gbọ́ràn, pé bí wọ́n bá gbá ènìyàn létí, ọwọ́ á ti dìde kí orí tó mọ̀, ló bá ní kí kálukú jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀. Fèrè gígùn kan, ẹ jókòó. Kúkúrú méjì, ẹ dìde. Òun nìkan ló sì ń fọn ọ́n. Láàárín fèrè ìjókòó àti fèrè ìdìde, bí ọ̀run ń ya bọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mira. Lẹ́yìn iṣẹ́, nínú ọgbà ilé búrẹ́dì, wọ́n á pín ara wọn ní méjì méjì, wọ́n á máa gbá ara wọn létí, wọ́n á máa bú ìyá ara wọn, wọ́n á da omi síra wọn lórí, títí ara fi kọ́ ọ, tí kò tún bi orí léèrè mọ́. Ìdí nìyẹn tí orí bàbá náà fi gbàgbé tí ara rẹ̀ kò gbàgbé.

Ìyàwó rẹ̀ kò bá wọn jókòó rí. Kò tilẹ̀ gbà á gbọ́. Ẹni tó bá gbá a létí, á gbá onítọ̀hún padà, ọ̀rọ̀ sì bùṣe. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ lójú korokoro pé ìwà òmùgọ̀ ni kí géńdé ọkùnrin jókòó lé ọwọ́ tí Ọlọ́run fún un nígbà tí wọ́n ń fi kóńdó fọ́ ọ lórí. Ọkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á tún lọ. Ìpín ti obìnrin náà nínú ìjà òmìnira ni ṣòkòtò. Ojú títì kì í ṣe àga onítìmùtìmù, ńṣe ló ń jẹ ìdí ṣòkòtò bí ìgbà tí eku bá rí aṣọ. Ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára kọ́là, ó ń lẹ àbùlẹ̀ mọ́ ìdí ṣòkòtò, ó tún ń lẹ àbùlẹ̀ mọ́ àbùlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń kùn yùn-ùn lórí maṣíìnì.

Wọ́n ju ọkọ rẹ̀ sẹ́wọ̀n léraléra. Nígbà tó ti ẹ̀wọ̀n dé kẹ́yìn, kò tíì jẹun tó fi mú irinṣẹ́, ó tú gbogbo kọ́kọ́rọ́ ara ilẹ̀kùn inú ilé kúrò, títí kan ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní nínú ilé òun, ẹnì kan kò ní ti ẹnì kan mọ́ ibì kankan. Láti ọjọ́ náà títí di òní, ẹni tó bá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nílé yẹn gbọ́dọ̀ máa kọrin, kí àwọn tó kù lè mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀. Àlejò kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ọjọ́ tí gbogbo ìjà náà parí gan-an ni obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí Bàbá Jẹ́jẹ́. Wọ́n ti jókòó sójú títì iwájú ilé búrẹ́dì nígbà tí gómìnà àjèjì ránṣẹ́ wá mú Bàbá Jẹ́jẹ́ pé kó wá kí àwọn jọ sọ̀rọ̀. Ó bá wọn lọ, ó fi àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀ níjòókòó. Ọ̀rọ̀ náà yọrí sí rere. Kí oòrùn tó wọ̀, gómìnà ti gbà pé àwọn yóò kó ẹrù àwọn. Ìlú bú sáyọ̀, wọ́n gbé Bàbá Jẹ́jẹ́ léjìká káàkiri òdìkejì ìlú, wọ́n fún un lóúnjẹ, ó jẹun, ó sì sùn, torí òun náà kò fojú kan oorun láti ọjọ́ pípẹ́. Fèrè wà nínú àpò rẹ̀. Ó gbàgbé wọn.

Òjò pa wọ́n mọ́jú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyàwó Oníbúrẹ́dì, pẹ̀lú oyún tó ti wọ oṣù rẹ̀, rìn lọ wá ọkọ rẹ̀. Ó bá wọn lórí ìjókòó, ètè wọn ti funfun, eyín wọn ń gbá ara wọn. Ó ní òmìnira ti dé, kó dìde ká lọ sílé. Ọkọ rẹ̀ mi orí: wọn ò tíì fọn fèrè. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó fà á lápá, àpò ìyẹ̀fun tí òjò pa kò mira. Òun náà ló wá fẹsẹ̀ rìn lọ sílé tí Bàbá Jẹ́jẹ́ sùn sí, tó kan ilẹ̀kùn bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́ ohun tó bá wá, kò wá bàtà, kò wá ẹ̀wù. Ó sáré jáde bẹ́ẹ̀, ó sì fọn fèrè ìdìde náà pẹ̀lú omijé tó ń ṣàn lójú rẹ̀.

Ìwé ilé ìwé ní ìfẹ́ ilẹ̀ baba wọn ló jẹ́ kí wọ́n jókòó mọ́jú. Ìyá Rẹfirí, tó ń rán aṣọ fún àwọn ọmọ tó ń ka ìwé náà, mọ̀ pé ìgbàgbé ni.

Nígbà tí ariwo ayọ̀ rọlẹ̀, Bàbá Jẹ́jẹ́ wá sílé wọn. Ó dúró níwájú maṣíìnì. Obìnrin náà kò dìde fún un.

"Ẹ gbàgbé wọn," ló wí.

"Mo gbàgbé wọn," ni ọkùnrin náà dáhùn. Kò fi "ṣùgbọ́n" kankan tì í. Ó yọ fèrè náà lápò, ó gbé e sórí maṣíìnì, ó ní kó máa wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í gbàgbé.

Obìnrin náà jù ú sínú dúrọ́ọ̀ bọ́tìnnì, ó sì kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni fèrè náà wà nígbà tí Bàbá Jẹ́jẹ́ ń ṣèjọba, ibẹ̀ ló wà nígbà tó gbé ìjọba sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́ tó padà sídìí kíkọ́ àwọn ọmọ níwèé, ibẹ̀ náà ló wà nígbà tó kú tí gbogbo ìlú wọ aṣọ dúdú. Fèrè kan wà nínú gíláàsì nílé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ní òun ni. Ó ń dán gbinrin. Ọjà ni wọ́n ti rà á. Ojúlówó wà lọ́rùn aránṣọ tó ń fi í wá ọkọ rẹ̀ kiri láàárín ọkọ̀, torí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí bàbá náà jókòó sójú títì lẹ́yìn tí iyè rẹ̀ rá, tí ọ̀pọ̀ géńdé gbé e tì, ló rántí dúrọ́ọ̀ bọ́tìnnì. Ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá náà dìde, ó gbọn ìdí, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Bó ṣe di Rẹfirí nìyẹn. Ká ní ó mọ bẹ́ẹ̀ ni, ì bá dára. Ṣùgbọ́n kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oorun gbé obìnrin náà lọ lórí maṣíìnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí pẹ́dà. Bàbá bá yọ́ jáde. Ọkọ̀ akóyanrìn ló jí obìnrin náà, igbe bíréèkì rẹ̀. Ó sáré dé ojú títì, ó bá irin iwájú ọkọ̀ náà tó ti ti fìlà bàbá sẹ́yìn lórí. Bàbá jókòó sábẹ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́, kò mọ nǹkan kan. Dírẹ́bà sọ̀kalẹ̀, ó dì mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń bì.

Ọmọ wọn, ọmọ inú oyún ọjọ́sí, nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tó gbọ́, ó dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ṣí báàgì, ó gbé àgádágodo ńlá kan sórí tábìlì. Ẹ má bínú sí i o, kì í ṣe ọmọ burúkú. Òun ló ń wẹ bàbá rẹ̀ bí kò bá sí níbi iṣẹ́, òun ló ń gé èékánná rẹ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé lójoojúmọ́ ni òun ń rí ohun tí ọkọ̀ ń sọ ènìyàn dà, pé òun kò fẹ́ kí wọ́n gbé bàbá òun dé bá òun bẹ́ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

"Ẹ tì wọ́n mọ́lé, màmá mi," ló wí. "Bó bá jẹ́ pé kí n kúnlẹ̀ ni, mo kúnlẹ̀."

Ìyá rẹ̀ wo àgádágodo náà títí. Bó bá ti ọkọ rẹ̀ mọ́lé, ọkọ rẹ̀ á wà láàyè, á sì tún ṣẹ̀wọ̀n, nínú ilé tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ tú kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá tì í, oorun á tún gbé òun lọ lọ́jọ́ kan. Ó mọ̀ pé á gbé òun lọ. Kò sí irọ́ tó lè pa fún ara rẹ̀ lórí ìyẹn. Ó ní kí ọmọ náà fún òun láyè kí ayẹyẹ tó ń bọ̀ kọjá ná, lẹ́yìn ìyẹn òun fúnra òun á kan àgádágodo náà mọ́ ilẹ̀kùn.

Ayẹyẹ wo? Ọkùnrin kan tó so táì ti wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ó ní wọ́n fẹ́ ṣí aṣọ lójú ère Bàbá Jẹ́jẹ́ tí wọ́n gbẹ́ síwájú ilé búrẹ́dì àtijọ́, pé nínú gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́sí, Bàbá Oníbúrẹ́dì nìkan ló ṣẹ́kù tó ṣì lè fẹsẹ̀ rìn, pé ẹ̀gbẹ́ mínísítà ni wọ́n máa fi í sí. Ó tún bèèrè bóyá nǹkan Bàbá Jẹ́jẹ́ kankan kù sí wọn lọ́wọ́ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìyá Rẹfirí fọwọ́ kan fèrè ọrùn rẹ̀, ó ní rárá o, kò sí. Ohun kan ló bẹ ọkùnrin náà: kí ẹnikẹ́ni má fọn fèrè. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni àwọn fẹ́ fi fèrè ṣe, ṣé bọ́ọ̀lù ni?

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, Nọ́ọ̀sì wá wọṣọ fún wọn kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó rí fèrè lórí aṣọ ìyá rẹ̀ tó dára jù, ó ní, "Ẹ dákun, ẹ má so nǹkan yìí lọ síwájú mínísítà. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá yọ káàdì pupa." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, bí kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti wọ ilé yẹn gbẹ̀yìn, obìnrin náà kò sì fẹ́ bà á jẹ́. Ó bọ́ fèrè náà, ó fi kọ́ kẹ̀kẹ́ maṣíìnì, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ọrùn dípò rẹ̀.

Ọkọ̀ tí wọ́n ní wọ́n máa fi gbé wọn kò dé. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn, ó di bàbá lọ́wọ́ mú. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ère ti wà lórí ìdúró pẹ̀lú aṣọ funfun lórí, èrò ti kún ẹ̀yìn okùn, àwọn àga àwọn ẹni ńlá sì wà ní òdìkejì títì. Wọ́n ń sọdá lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ mínísítà yọ lókèèrè, tí ọ̀dọ́ ọlọ́pàá kan bọ́ sáàárín títì láti lé ènìyàn kúrò lọ́nà. Ó fọn fèrè. Gígùn kan.

Ọwọ́ bàbá yọ́ kúrò nínú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó jókòó síwájú ère náà, ó ti ọwọ́ sábẹ́ itan. Obìnrin náà na ọwọ́ sí ọrùn ara rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ló bá.

Ọlọ́pàá náà ní kí bàbá dìde. Bàbá kò dìde. Ó pe ẹnì kejì, wọ́n gbá a mú lábẹ́ apá, ó yọ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ mínísítà dé, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fọn họ́ọ̀nù. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan yọ láti ẹ̀gbẹ́, ó ti ń gbóná, ó ní àwọn wọ̀nyí wá ba ọjọ́ ńlá jẹ́ ni, ó sì gbé kóńdó sókè. Ìyá Rẹfirí ń ṣàlàyé, ó ń sọ pé fèrè ni, pé kí wọ́n tún un fọn, ariwo họ́ọ̀nù gbé ohùn rẹ̀ mì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìgboyà ló mú un, irọ́ ló ń pa. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Òun tí kò jókòó rí nígbà tí gbogbo ayé ń jókòó, ó ká aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó jókòó sílẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.

Bàbá náà yí ojú sí i. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, kò gbọ̀n.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ ò tíì jókòó rí, àbí?"

Ó ní rárá, òun kò jókòó rí.

"Ẹ fi ọwọ́ yín sábẹ́ itan. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má wo kóńdó, bàtà wọn ni kí ẹ máa wò. Kò ní pẹ́."

Ó ti ọwọ́ sábẹ́ itan. Ó ń wo bàtà ọ̀gá ọlọ́pàá náà.

"Ìyàwó mi kì í wá síbí," ni bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lórí ìjókòó. "Kò gbà pé ọgbọ́n wà nínú ohun tí à ń ṣe. Ó ṣeé ṣe kó jàre. Ṣùgbọ́n òun ló ń lẹ ìdí ṣòkòtò mi, mà. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ǹ bá jókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ẹ̀ ló ń bà mí ju tàwọn wọ̀nyí lọ. Bí wọ́n bá ti fọn fèrè báyìí, ilé tààrà ni mò ń lọ, kí n lọ sọ fún un pé kó lọ sùn."

Obìnrin náà kò lè sọ pé òun rè é. Ó ń sunkún, kò sì lè nu ojú, torí ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ itan, kò sì fẹ́ yọ ọ́ níṣojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ. Kóńdó kò sọ̀ kalẹ̀. Ta ló fẹ́ na arúgbó méjì tí wọ́n jókòó, tí ọ̀kan ń sunkún tí èkejì ń tù ú nínú? Nígbà tí họ́ọ̀nù dákẹ́ díẹ̀, obìnrin náà gbójú sókè sí ọ̀dọ́ ọlọ́pàá tó fọn fèrè àkọ́kọ́.

"Ọmọ mi," ló wí, "jọ̀ọ́, fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kúkúrú, kúkúrú."

Ọ̀dọ́ náà wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Oníbúrẹ́dì dìde wọ́ọ́rọ́, ó gbọn ìdí ṣòkòtò, ó sì na ọwọ́ sí obìnrin tó wà nílẹ̀.

"Ẹ dìde, mà," ló wí. "Wọ́n ti rántí wa."

Wọn ò dé ibi àga. Obìnrin náà yí ọkọ rẹ̀ padà sọ́nà ilé, wọ́n ń lọ ní ẹ̀bá títì, ìpàtẹ́wọ́ sì ń dún lẹ́yìn wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣí aṣọ. Ó gbọ́ lẹ́yìn-ọ-rẹyìn pé wọ́n gbẹ́ Bàbá Jẹ́jẹ́ lórí ìdúró, ó na ọwọ́ kan sókè ọ̀run. Ẹni tó fi ìjókòó gba ìlú! Ẹ sáà máa wò wọ́n.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì fi máa ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ènìyàn ti sọ ọ́ fún un lọ́nà lóríṣiríṣi. Ó wọlé pẹ̀lú ìbínú àti ẹ̀rù. Ó bá ìyá rẹ̀ nídìí maṣíìnì, ṣòkòtò bàbá lórí itan, aṣọ tirẹ̀ tó dára jù lórí ṣòkòtò náà, ìdí méjèèjì ti ya. Àgádágodo ṣì wà lórí tábìlì. Ọmọ náà la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

"Gbé e lọ," ni ìyá rẹ̀ wí. "N ò ní tì í."

Ó wá sọ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ lójú títì fún un, láì fi nǹkan kan kún un, bí ẹni ń jíṣẹ́. Ọmọ náà jókòó. Ó bèèrè pé bí oorun bá tún wá gbé màmá òun lọ ńkọ́. Ìyá rẹ̀ ní ohun tí òun náà ń bi ara òun látàárọ̀ nìyẹn, ọgbọ́n ti tán lórí òun.

Nọ́ọ̀sì gbé àgádágodo, ó sọ ọ́ sínú báàgì. Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó bọ́ fèrè kúrò lára kẹ̀kẹ́ maṣíìnì, ó gbé e kọ́ ọrùn ara rẹ̀, lórí aṣọ funfun ibi iṣẹ́. Ó ní òun á bẹ̀ wọ́n nílé iṣẹ́ kí òun máa ṣe iṣẹ́ alẹ́, kí òun lè máa wà nílé lọ́sàn-án, pé yàrá òun àtijọ́ ṣì wà, bí kò tilẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ lọ sùn, màmá mi," ló wí. "Èmi ni mò ń ṣọ́ ilẹ̀kùn."

Ìyá Rẹfirí dìde. Ó fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rán àbùlẹ̀ náà, ó wò ó pé kò sí ohun tó kàn án níbẹ̀ mọ́. Ó wọ yàrá lọ, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, oorun gbé e lọ kó tó rántí tú gèlè. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun.

Kò pẹ́ tí bàbá dìde, tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́pàá oríta fọn fèrè, gígùn kan. Bàbá jókòó sórí ilẹ̀ pálọ̀, ó ti ọwọ́ sábẹ́ itan. Nọ́ọ̀sì sọ aṣọ kalẹ̀, ó gbé fèrè sẹ́nu, ó ti mí sínú kó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ló bá rí i pé bàbá rẹ̀ ń mi orí sí òun.

"Ẹ dákun, ẹ má fọn ọ́n, mà," ni bàbá rọra wí. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí yàrá. "Ìyàwó mi ń sùn."

Nọ́ọ̀sì yọ fèrè kúrò lẹ́nu, ó sì lọ jókòó tì í nílẹ̀.